Ṣé abẹ́rẹ́ G-CSF ń bọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni? Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí TF-1 rẹ̀ kú

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ káàsán mà. Mò ń ṣe másításì nílùú Ọba níbí, sẹ́ẹ̀lì leukemia, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, oríṣi méjì ni wọ́n fún mi ní láàbù kí n máa tọ́jú, K562 àti TF-1. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé dandan ni kí n máa fi growth factor tó ń jẹ́ GM-CSF sí omi TF-1. Mo gbàgbé lọ́sẹ̀ tó kọjá, TF-1 kú tán pátá, K562 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti wá ń dùn mí nìyí o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nílé ní Nàìjíríà, AML, oríṣi leukemia kan, ni wọ́n ní ó ń ṣe é, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tán, wọ́n wá ní ká máa ra abẹ́rẹ́ G-CSF, growth factor lòun náà, tí wọ́n á máa gún un lójoojúmọ́. Mo sọ ohun tí mo rí ní láàbù fún màmá wa, wọ́n ní àwọn ò ní ra èyí tó kù mọ́, pé ṣé ká máa fi owó wa ra oúnjẹ fún jẹjẹrẹ ni. Mà, ṣé mo ṣì wọ́n lọ́nà ni àbí òótọ́ ni mo sọ?"

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n rẹ lálàáfíà. Kí n tó sọ nǹkan míì, pe màmá yín lónìí, kó o ní kí wọ́n má tíì dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀, torí ohun tó o rí nínú ìgò, òótọ́ ni, ìtumọ̀ tó o fún un ló ṣe wọ́kuwọ̀ku díẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn o, iṣẹ́ láàbù ni mo ṣe fún ọdún 14, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ́, apá ti ìgò ni mo mọ̀ dénú, apá ti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohun tí ìwádìí ti fi hàn nìkan ni mo lè sọ, mi ò sì rí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìbéèrè rẹ dà bí ọ̀kan lójú, àmọ́ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: kí ló pa TF-1 tí ò pa K562, àti pé ṣé ohun tó ń mú TF-1 wà láàyè náà ni wọ́n ń gún ẹ̀gbọ́n rẹ. Jẹ́ ká tú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ yẹn gan-an ló ń tan èèyàn. Tí wọ́n bá ti ní growth factor, ohun tó ń wá síni lọ́kàn ni ajílẹ̀, bí ìgbà téèyàn da ajílẹ̀ sídìí àgbàdo, tó bá ti pọ̀ àgbàdo á ga. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì rẹ wà nínú RPMI 1640 tó ò ń dà sí ìgò, ṣúgà wà níbẹ̀, amino acid wà níbẹ̀, fítámì wà níbẹ̀, o tún wá da serum ọmọ inú màlúù mọ́ ọn. TF-1 rẹ kú nínú oúnjẹ rẹpẹtẹ ni. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. GM-CSF tí wọ́n sábà máa ń fi sí TF-1 jẹ́ nanogram 2 sí 5 nínú mililítà kan, nanogram kan sì rèé, tó o bá pín gíráàmù kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni. Tó o bá lo nanogram 2, gíráàmù GM-CSF kan péré á tó fún omi 500,000 lítà, ìyẹn tánkà epo tó ń gbé 33,000 lítà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kún dẹ́nu. Oúnjẹ wo ló kéré tó bẹ́ẹ̀ tó máa yó ẹnikẹ́ni?

Àròko ni, kì í ṣe oúnjẹ. O mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń di owó ẹyọ àti nǹkan míì pọ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe pé ẹni tí wọ́n fi rán sí fẹ́ ná owó ẹyọ yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni, ẹni tí ò bá sì mọ̀ ọ́n kà, ọwọ́ ẹ̀ lá á wà lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni GM-CSF ṣe ń lọ bá receptor tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ni ẹni tó ń ka àròko, tó bá ti kà á, á jí púrótéènì kan tó ń jẹ́ JAK2 nínú ilé, JAK2 á jí STAT5, àwọn RAS náà á gbọ́, ọ̀rọ̀ á dé inú yàrá tí DNA wà. Ohun tí àròko náà sábà máa ń sọ ni "má kú", lẹ́yìn náà "pín sí méjì", nígbà míì sì rèé "ó tó gẹ́ẹ́, lọ dàgbà kó o di sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́". Jọ̀ọ́ má gbàgbé ìkẹta yẹn, màá padà síbẹ̀. Tí àròko ò bá wá, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ dúró, kò ní pín mọ́, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí tú ara ẹ̀ palẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú àtíbàbà lẹ́yìn òde. Ara wa ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, sẹ́ẹ̀lì kékeré inú mùdùnmúdùn eegun tí wọn ò bá ránṣẹ́ sí, á lọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, lọ́dún 1965 àti 1966 ni àwọn Pluznik àti Sachs ní Israel, àti Bradley pẹ̀lú Metcalf ní Melbourne ní Ọsirélíà, rí i pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi sínú nǹkan tó dì bíi ẹ̀kọ tútù lè pọ̀ di agbo-agbo, àmọ́ tí sẹ́ẹ̀lì míì bá wà nítòsí tó ń ránṣẹ́ sí wọn ni. Agbo-agbo yẹn, colony, ló di lẹ́tà C tó wà nínú orúkọ CSF títí dòní.

TF-1 tìẹ, ara ọkùnrin ará Japan ọmọ ọdún 35 kan ni wọ́n ti mú un lọ́dún 1987, leukemia ìdílé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń ṣe é, ọdún 1989 ni wọ́n tẹ ìròyìn ẹ̀ jáde. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn, tí GM-CSF tàbí IL-3, àròko míì, ò bá sí, kò lè dá wà, erythropoietin, àròko àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, lè gbé e fúngbà díẹ̀. Èmi náà ti pa á rí o, má rò pé ìwọ nìkan ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mò ń sáré lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan, mo pààrọ̀ omi ìgò mẹ́fà, mo gbé wọn padà sínú incubator, mo jáde, Sátidé tí mo yọjú wò wọ́n báyìí wọ́n ń dán, mi ò fura. Mọ́ńdè tí mo gbé wọn sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n ti súnkì, ara wọn ń yọ bọ́lọ́bọ́lọ́ bí ògì tó ń hó, mo fi trypan blue sí i, gbogbo ẹ̀ mu aró, ìyẹn ni pé òkú ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọ̀rá kékeré tí GM-CSF wà nínú ẹ̀ ṣì wà nínú fírísà, mi ò fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ikú yẹn kì í ṣe lójijì, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn, o lè rò pé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n lọ́jọ́ kìíní. Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún, tí díẹ̀ ò bá kú nínú ìgò rẹ, má ṣe yọ̀ kó o máa tọ́ wọn lọ. Àwọn tó yè yẹn lè jẹ́ àwọn tí ò nílò àròko mọ́, tó o bá fi oṣù méjì tọ́ wọn, TF-1 tí wọ́n fún ọ kọ́ lò ń tọ́ mọ́, gbogbo èsì tó o bá kọ sínú thesis á di ọ̀rọ̀ míì. Dà wọ́n nù jàre, yọ vial tuntun.

K562 ti wá yàtọ̀ pátápátá. Obìnrin ọmọ ọdún 53 kan tó ní CML, oríṣi leukemia míì, tó ti bọ́ sí ìpele tó le jù ni wọ́n ti mú un, Lozzio àti Lozzio ló kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1975. Inú ẹ̀ ni kúrómósóòmù tí Nowell àti Hungerford rí ní Philadelphia lọ́dún 1960 wà, Janet Rowley ló wá fi hàn lọ́dún 1973 pé kúrómósóòmù 9 àti 22 ló gé, tí wọ́n pààrọ̀ ara. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra ló bí jíìnì BCR-ABL, púrótéènì tó sì ń ti inú ẹ̀ jáde kì í sinmi, tọ̀sán tòru ló ń pariwo nínú ilé pé àròko ti dé, àròko ti dé, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí K562 ò fi mọ̀ pé o gbàgbé nǹkan kan, kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ti fi èyí hàn gbangba, sẹ́ẹ̀lì eku kan wà tó ń jẹ́ Ba/F3, tí ò bá rí IL-3 á kú bíi TF-1, Daley àti Baltimore lọ́dún 1988 fi BCR-ABL sínú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbára lé IL-3 bẹ́ẹ̀, ó sì ń dàgbà láìsí IL-3. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ nìyí o: tó o bá fi imatinib, oògùn CML, pa ariwo BCR-ABL yẹn, Ba/F3 yẹn á kú, àmọ́ tó o bá da IL-3 sí i, á tún yè, imatinib ò ní rí i gbé ṣe mọ́, torí àròko gidi ti wá gba ipò ayédèrú. Imatinib yìí náà ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, tí ọsibítù ńlá ti OAU ní Ilé-Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tó ní CML nílé wa látọdún 2003, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rìn kiri lónìí nítorí ẹ̀. Mo kàn ní kí n fi kún un ni, kó o mọ̀ pé ìgò K562 tó ò ń tọ́ yẹn, ó ní ìdílé nílé.

Láàárín TF-1 tó gbọ́ràn àti K562 tí ò gbọ́ tẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ AML wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rù rẹ ti ní ìdí, mi ò ní parọ́ fún ọ. AML kan wà tó ń kọ àròko fúnra ẹ̀ tó tún ń kà á fúnra ẹ̀, ó ń ṣe GM-CSF fún ara ẹ̀. Òmíràn rèé, receptor ẹ̀ ló bàjẹ́, bíi FLT3 tí apá kan ẹ̀ tún ara ẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì, ìdá kan nínú mẹ́rin AML tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló ní i, ìlẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé tì mọ́, sẹ́ẹ̀lì MV4-11 tí wọ́n ń lò ní láàbù nírú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá gba sẹ́ẹ̀lì AML látara aláìsàn lówùúrọ̀ tó o fi sínú RPMI àti serum nìkan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ á máa kú lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó o bá wá fi IL-3, GM-CSF, G-CSF àti SCF sí i, ti ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ sí pín, ti ẹlòmíì á kàn pẹ́ kó tó kú, ti ẹlòmíì ò ní dáhùn rárá. Aláìsàn mẹ́wàá, ìwà mẹ́wàá. Nítorí náà tó o bá ní growth factor lè jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì leukemia pọ̀ nínú ìgò, òótọ́ lo sọ. GM-CSF lo gbàgbé, G-CSF ni wọ́n ń gún ẹ̀gbọ́n rẹ, àròko ọ̀tọ̀ ni, receptor ọ̀tọ̀ ni, àmọ́ mi ò ní fi ìyẹn sá fún ìbéèrè rẹ, torí ọ̀pọ̀ AML ló ní receptor méjèèjì.

Àmọ́ rántí ìkẹta tí mo ní kó o má gbàgbé. Àròko kan náà lè sọ pé lọ dàgbà. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú ọ̀nà tí àwọn ará Melbourne gbà rí G-CSF mú nìyẹn? Sẹ́ẹ̀lì leukemia eku kan tó ń jẹ́ WEHI-3B ni wọ́n ń lò, nǹkan tó ń mú kó dàgbà tó sì ń pa agbára àtipọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wá, lọ́dún 1983 wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, òun ni G-CSF. Nígbà yẹn àwọn kan ronú pé oògùn leukemia ti dé nìyẹn, ká kàn máa ní kí jẹjẹrẹ dàgbà kó lọ sinmi. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn ò bá wọn ṣe é tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ AML ò gbà láti dàgbà nítorí G-CSF. Oríṣi kan ló gbà, APL, àmọ́ oògùn tó mú un gbà jẹ́ ti ìdílé fítámì A, kì í ṣe growth factor, àwọn dókítà Shanghai ló ṣí ojú ayé sí ìyẹn lọ́dún 1988.

Ó yá, ká wá sídìí abẹ́rẹ́. Kímò tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n rẹ ò mọ sẹ́ẹ̀lì burúkú yàtọ̀ sí rere, ohunkóhun tó bá ń pín lójú méjèèjì ló ń pa, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà, àwọn neutrophil, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀ báyìí. Ní àkókò yìí, ibà kékeré tí èmi àtìẹ máa fi Panadol lé lọ lè gbé e lọ láàárín ọjọ́ méjì. G-CSF ń dín iye ọjọ́ tí ara fi wà níhòòhò bẹ́ẹ̀ kù. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí ba àwọn dókítà náà nígbà tí abẹ́rẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1991, ìyẹn ni wọ́n ṣe wádìí ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn AML, tí wọ́n fún àwọn kan, tí wọn ò fún àwọn kan, wọn ò rí i pé AML ń padà wá lára àwọn tó gbà á ju àwọn tí ò gbà á lọ. Kí n sọ apá kejì náà, wọn ò rí i pé àwọn tó gbà á ń pẹ́ láyé jù lọ títí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ọjọ́ ewu kù, nílé wa tí ọsibítù ò fi bẹ́ẹ̀ ní yàrá àdágbé, tí èrò ń wọlé tí wọ́n ń jáde, lójú tèmi ọjọ́ mélòó kan yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Owó ẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, mo mọ̀, tó bá jẹ́ pé owó ò sí rárá, ọ̀rọ̀ tí màmá yín máa jókòó bá dókítà sọ ni, pé èwo ló ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ.

Èyí tó máa yà ọ́ lẹ́nu jù rèé. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ fún aláìsàn AML ní G-CSF pẹ̀lú kímò, nítorí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an ni o. Cytarabine, ọ̀kan nínú oògùn kímò, sẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣe DNA lọ́wọ́ ló ń pa, èyí tó bá sùn á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n wá ní ká fi àròko jí wọn kí wọ́n jáde síta, kí oògùn bá wọn níta. Löwenberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì jáde lọ́dún 2003, aláìsàn 640, nínú àwọn tí àìsàn ti fi ara wọn sílẹ̀, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láìsí àìsàn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin nínú àwọn tó gba G-CSF pẹ̀lú kímò, ìdá 33 nínú àwọn tí ò gbà á. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tí gbogbo dókítà ń ṣe. Àmọ́ ronú sí i, ká ní oúnjẹ jẹjẹrẹ lásán ni, báwo ni èsì yẹn á ṣe jáde?

Bó ṣe jẹ́ tí ìgò fi ń tan wá, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀. TF-1 nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú GM-CSF tó o dà sí i, kò sí aládùúgbò, kò sí ẹni tó ń bá a du àròko. Nínú ara, àwọn neutrophil fúnra wọn ló ń gbé G-CSF mì, bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àròko ń dín kù lẹ́jẹ̀. Ìgò tún máa ń tan wá sápá kejì: nínú mùdùnmúdùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbé leukemia ró ń ránṣẹ́ sí i lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gún abẹ́rẹ́, wọ́n ń bò ó lọ́wọ́ oògùn, FLT3 ligand gan-an máa ń ga sókè lẹ́jẹ̀ lẹ́yìn kímò. Nítorí náà tó o bá fẹ́ dán oògùn wò fún thesis rẹ, má dán an wò nínú omi tí ò ní growth factor nìkan kó o wá kọ̀wé pé oògùn ń pa leukemia, dán an wò pẹ̀lú ẹ̀ àti láìsí ẹ̀, fọ TF-1 lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó o tó bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó kù lára ẹ̀ lè lọ, kó o má sì máa yọ GM-CSF rẹ kó yọ́ kó tún dì léraléra, pín in sí kékeré-kékeré láti ọjọ́ kìíní, èyí tó ti kú nínú fírísà ò yàtọ̀ sí èyí tó o gbàgbé.

Ohun tí màmá yín máa bi dókítà rèé, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn ní WhatsApp. Kí wọ́n bi í pé blast, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì leukemia tí ò dàgbà, mélòó ló kù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, torí tí wọ́n bá ṣì pọ̀ gan-an, dókítà fúnra ẹ̀ lè fẹ́ dúró ná. Kí wọ́n bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa fa mùdùnmúdùn wò, torí G-CSF lè kún inú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ò tíì dàgbà, á wá jọ pé leukemia ló padà dé, ó kéré tán ó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti dúró ní ọjọ́ méje ṣáájú. Kí wọ́n bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa dáwọ́ ẹ̀ dúró. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì ń sunkún pé ìdí àti eegun ẹ̀yìn ń ro òun, kí wọ́n sọ fún dókítà, àmọ́ kí wọ́n má tètè rò pé jẹjẹrẹ ló ń jẹ eegun, abẹ́rẹ́ yẹn máa ń fa ìrora eegun. Tara ẹ̀ bá gbóná báyìí, kí wọ́n má dúró kí ilẹ̀ mọ́ o, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ òru.